Ẹ̀rọ Mẹ́rin Tí Mo Kọ Pé Mo Rí

Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kà á dé ìparí ná. Mo ti bú ara mi ṣáájú yín, ó sì dá mi lójú pé èébú tèmi le ju tiyín lọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni èébú tọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Mi ò wọ yunifásítì láti kàwé rí. Ìgbálẹ̀ ni mo mú wọ ibẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbá ọ́fíìsì àjà kẹta, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣèwádìí lórí ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn ìwé tí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún láti fi ròyìn ara wọn, tí àwọn olùkọ́ bá ti jù wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, èmi ni mo ń kó wọn lọ sílé. Mò ń kà wọ́n bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìtàn ìfẹ́. Èyí tí kò bá yé mi, màá tún un kà. Nígbà tó yá, ó ń yé mi.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá àwọn olùkọ́ náà bá mi níbi tí mo ti dojú garawa délẹ̀, tí mo jókòó lé e, tí mò ń ka ọ̀kan.

Ó ní, "Mà, kí lẹ rí níbẹ̀?"

Mo ní, "Irọ́ ni mo rí, sà. Lójú ìwé kẹrin, wọ́n ní àwọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ojú ìwé ọgọ́ta, ó ti di méjì. Ṣé afẹ́fẹ́ gbé ìkẹta lọ ni?"

Ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó wá wò mí. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní tábìlì. Ìyá Máàkì ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà náà, nítorí pé èmi ni mo ń fún ilé-iṣẹ́ ní máàkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà ní kúkúrú. Àwọn kan wà láyé tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa sọ iye èrè tí ilé-iṣẹ́ kan máa jẹ kí ọdún tó parí. Atúpalẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí ohun tí wọ́n sọ bá bọ́ sí i, wọ́n di ọlọ́gbọ́n. Tí èrè bá kéré sí ohun tí wọ́n sọ, ilé-iṣẹ́ ni ìtìjú bá, àwọn tó ra ìpín nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá fẹ́ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe ìtọrẹ àánú, olóòótọ́ ni. Pé nítorí pé kì í fi nǹkan pa mọ́, ohun tí àwọn atúpalẹ̀ bá sọ nípa èrè rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe dùn létí? Ó dùn mọ́ èmi náà.

Òdo ni máàkì ilé-iṣẹ́ tó kàn ń sọ̀rọ̀ àánú lásán. Tó bá dárúkọ ohun tó fi tọrẹ, á gba ẹyọ kan. Tó bá dárúkọ ibi tó gbé e lọ, á gba méjì. Ṣùgbọ́n mẹ́ta, máàkì tó ga jù, kò sí bí ilé-iṣẹ́ kankan ṣe lè gbà á àfi tí èmi, Òǹkàwé Kejì, bá dé ibẹ̀ tí mo fi ojú ara mi rí ọrẹ náà. Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni Òǹkàwé Kìíní. Orúnkún ń dùn ún, kò lè rìn káàkiri. Nítorí náà, ojú mi ni mẹ́ta.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí mo ń kọ ìdáhùn sí níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: Kí lẹ rí? Níbo ló wà? Kí lẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò sí nínú fọ́tò ilé-iṣẹ́? Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n fi ìbéèrè kẹta sí i. Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé, "Ẹnikẹ́ni lè wo fọ́tò kó ní òun débẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí fọ́tò ò mọ̀." Ó pa àtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà.

Mo fi ẹsẹ̀ ara mi dé ibi mọ́kàndínlógójì. Mo ka àga, mo tẹ ẹ̀rọ omi wò, mo gun àkàbà lọ wo òrùlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mọ́kàndínlógójì yẹn fún mi. Ó ku ẹyọ kan.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀dà ni. Wọ́n ní àwọn fi ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń fún ọmọdé ní atẹ́gùn mí tọrẹ fún wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ yìí bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí, nítorí pé ọdún mẹ́fà gbáko ni ohun tí àwọn atúpalẹ̀ sọ nípa èrè rẹ̀ fi ń bọ́ sí i gẹ́lẹ́.

Ó wá sí ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. "Ìyá Máàkì, àwọn tó ni ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí tí mo fẹ́ gbé èyí fún ní ogójì ni àwọn fẹ́. Ogójì ilé-iṣẹ́ tó gba mẹ́ta. Mọ́kàndínlógójì la ní."

"Mo mọ̀, sà. Màá lọ lọ́jọ́ Tọ́sìdè."

"Fúráídè ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn o." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tó bá pé ogójì, orúkọ yín á wà lára ìwé náà. Kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé o. Lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Wọ́n sì ń béèrè fọ́tò àwọn tó kọ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ yunifásítì lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fo orí omi tí mò ń nù kọjá láìkí mi! Orúkọ mi, lókè, pẹ̀lú fọ́tò!

Lọ́jọ́ Wẹ́síńdè, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọbìnrin arẹwà kan tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ ni. Ó gbé àpò ìwé kan lé tábìlì mi.

"Mọ́mì mi, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa lọ wo ẹ̀rọ wa. Ọ̀nà yẹn jìn o! Bọ́ọ̀sì méjì, ẹ ó sì tún fẹsẹ̀ rìn. Mo ní kí n mú fọ́tò wá fún yín."

Fọ́tò náà dán. Ẹ̀rọ funfun mẹ́rin, rìbọ́nì pupa lára wọn, ní iwájú pátákó ilé ìwòsàn.

"Kí ló dé tí wọ́n wà níta?" mo bi í.

"Ọjọ́ tí a gbé wọn dé la yà á, mà. Wọ́n ti wà nínú wọ́ọ̀dù báyìí. Ẹ ò ní láti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o, ẹ lọ wò ó."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n yẹn. Ẹ lọ wò ó! Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún kì í sábà lọ.

Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín rèé. Mátírọ̀nì wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé yẹn, àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi, tí mo pọ̀n sẹ́yìn, tí mo fi ọdún mẹ́rin gbá ilẹ̀ ilé onílé kó lè parí ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Ǹ bá ti pè é lórí fóònù. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Mo sọ fún ara mi pé òfin ìwádìí ò gbà kí n béèrè lọ́wọ́ ẹbí. Òfin wo? Mi ò pè é nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá pè é, ó lè sọ òótọ́ fún mi.

Ọjọ́ Tọ́sìdè tó yẹ kí n lọ sí ilé ìwòsàn, ṣé ẹ mọ ibi tí mo lọ? Ilé ayàwòrán. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo lọ ya fọ́tò tí wọ́n máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Mo wọ bùláùsì tí mo rà fún ìgbéyàwó ọmọ mi, mo kun àtíkè. Ayàwòrán ní, "Màmá, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀, bí ọ̀gá." Mo gbé e sókè. Nígbà tí mo máa fi jáde, ọjọ́ ti lọ.

Mo dé ọ́fíìsì, mo fa fọ́ọ̀mù yọ.

Kí lẹ rí? Mo kọ ọ́ pé: Ẹ̀rọ mẹ́rin, funfun, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Níbo ló wà? Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, lápá òsì.

Mo dé ìbéèrè kẹta, ìbéèrè tèmi fúnra mi. Bírò mi dúró. Mo wá rántí pé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn ń jó àwọn ọmọ mi nínú wọ́ọ̀dù. Mo ti ra aṣọ búlúù kan, ẹja pupa kéékèèké wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ fi rán kọ́tìnì sí fèrèsé wọn. Ẹja á máa wò wọ́n, àwọn náà á máa wo ẹja." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Kọ́tìnì búlúù ní fèrèsé, ẹja pupa kéékèèké lára rẹ̀.

Ó dà bí òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Mo fún wọn ní mẹ́ta. Òǹkàwé Kejì ni mo fi buwọ́ lù ú, nítorí pé a kì í kọ orúkọ síbẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ ka ìwádìí náà fún àwọn ènìyàn ńlá ní gbọ̀ngàn kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Máàkì, ẹ ti fẹ́ di òǹkọ̀wé lójú wa báyìí!" Ó ku oṣù mẹ́ta kí ìwé náà jáde pẹ̀lú orúkọ mi. Mo ti fi kálẹ́ńdà kọ́ ara ògiri, mò ń fa ìlà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kọkàndínlógún ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà nígbà tí fóònù dún. Àbúrò mi ni, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mo jalè."

"Ta ló ní o jalè? Kí lo jí?"

"Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ tí mi ò rí rí! Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà wa pé kó bi ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yẹn léèrè ẹ̀rọ mẹ́rin tí wọ́n ṣèlérí, nítorí pé ọmọ méjì ló ń pín ẹyọ kan tó kù nínú wọ́ọ̀dù mi, tí mò ń bẹ ìyá èyí pé kó ní sùúrù fún ìyá tọ̀hún. Ọ̀gá kọ̀wé sí wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n dá padà? Ìwé láti yunifásítì yín! Pé olùṣèwádìí kan wá sí wọ́ọ̀dù mi, ó sì fi ojú rẹ̀ rí ẹ̀rọ mẹ́rin. Ọ̀gá wá ní, tí wọ́n bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí wọn ò sí níbẹ̀ lónìí, ta ló kó wọn tà?"

Mo jókòó.

"Wọ́n ti gba káàdì ìdánimọ̀ mi. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ máa fi jókòó. Ọdún mẹ́rìnlélógún, Ẹ̀gbọ́n mi! Ọ̀gá yín ló ni ìwádìí yẹn. Òǹkàwé Kejì ni ẹni náà pe ara rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ibí yìí ni kí ẹ ti bú mi dáadáa.

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n. A kì í mọ ara wa níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn."

"Ẹ bá mi wádìí rẹ̀. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ lásán ni. Mo fẹ́ bi í bóyá ó bímọ."

Mo ní màá wádìí.

Ọjọ́ mọ́kànlá tẹ̀ lé e tó ń pè mí lójoojúmọ́, tí mò ń bá a bú Òǹkàwé Kejì. Ó ní, "Ẹni yẹn ò ní rójú rere." Mo ní, "Àmín." Ẹ lè fojú inú wò ó? Mò ń ṣe àmín sí èpè ara mi, kálẹ́ńdà sì wà lára ògiri níwájú mi, mo ṣì ń fa ìlà.

Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

"Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń yanjú nǹkan wọn. Wọn ò ní rí ẹ̀rí, wọ́n á dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Máàkì, ẹ̀yin àti ìwé yìí, oṣù méjì péré ló kù."

"Àbúrò mi ni, sà."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ronú dáadáa. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ṣé á dáríjì yín?"

Mo jáde níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà ọmọlúàbí ilé-iṣẹ́, ní gbogbo ọjọ́ Túsìdè, aago mẹ́wàá.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbìmọ̀ ku ọ̀la, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ irú ìwé wọ̀nyẹn. Ẹ jókòó tì mí, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè." Mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé màá gbà á sílẹ̀ láìjẹ́wọ́. Màá bi wọ́n ní ìbéèrè tó gbóná. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́!

Yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn náà ní tábìlì gígùn kan tí gíláàsì bo orí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà jókòó sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, akọ̀wé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ní òdì kejì. Ó rí mi, ẹ̀rín rẹ̀ gé kúrú. Ó mọ̀ mí. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ nínú ìwà ìbàjẹ́.

Àbúrò mi wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ gbọnrangandan. Ibi tí káàdì rẹ̀ máa ń wà lókè àyà mọ́ ju ibi yòókù lọ.

Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù náà sókè. Akọ̀wé kà á bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ọjà. Ẹ̀rọ mẹ́rin, funfun. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, lápá òsì. "Ìbéèrè kẹta: kí lẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ìdáhùn: kọ́tìnì búlúù ní fèrèsé, ẹja pupa kéékèèké lára rẹ̀."

Àbúrò mi gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n tún un kà."

Akọ̀wé tún un kà.

Àbúrò mi ní, "Sà, kò sí kọ́tìnì ní wọ́ọ̀dù mi."

Ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ lè ti yọ ọ́, Mátírọ̀nì. Bí ẹ ṣe lè yọ ẹ̀rọ."

"Kò dé ibẹ̀ rí, sà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ò gbà á. Mo kọ̀wé béèrè, ẹ dá a padà pé aṣọ máa ń gbé àrùn. Ìwé yẹn wà nínú fáìlì yín." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo ti rán an tán kí ìwé yín tó dé. Inú àpótí mi nílé ló wà. Mi ò tíì gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún."

Kò tíì wò mí. Ó ń wo gíláàsì orí tábìlì. Ó dá mi lójú pé ó ń wá ẹlòmíràn nínú orí rẹ̀. Ó ń wá a, ó ń wá a, bóyá ó sọ fún nọ́ọ̀sì kan, bóyá ó sọ fún ìyá ọmọ kan. Kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó wá yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Kò bi mí ní ìbéèrè. Ó kàn pè mí, bó ṣe ń pè mí láti kékeré tó bá bọ́ sínú kòtò.

Agbẹnusọ tètè gba ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kọ́tìnì kọ́ lọ̀rọ̀ tó wà níbí. Ẹni tó ń wo ẹ̀rọ lè ṣi fèrèsé wò—"

"Pa ẹnu rẹ mọ́, ọmọdébìnrin yìí," mo ní. Mo ti dìde, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. "Èmi ni Òǹkàwé Kejì. Mi ò débẹ̀. Mi ò rí ẹ̀rọ kankan. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ kankan, ìdí nìyẹn tí o fi gbé fọ́tò wá bá mi. Mátírọ̀nì yìí ò jí nǹkan kan. Èmi ni mo jí orúkọ rere rẹ̀."

Akọ̀wé béèrè bóyá kí òun kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo ní, "Kọ ọ́! Kọ ọ́ gàdàgbà!"

Wọ́n dá káàdì rẹ̀ padà fún un lórí ìjókòó yẹn. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró, ṣùgbọ́n kò kọjú sí mi.

"Kì í ṣe fọ́ọ̀mù yẹn ló dùn mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ènìyàn lè ṣe ọ̀lẹ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi sunkún sí yín létí. Ẹ̀ ń ṣe àmín."

Ó lọ sí wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Mo padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbínú, mo fa ìwé ilé-iṣẹ́ ọ̀dà yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á bí mo ṣe ń kàwé lórí garawa, láti ojú ìwé kìíní dé ẹ̀yìn. Nítorí ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí mo ti gba tábìlì, ojú ìwé àánú nìkan ni mo ń kà.

Ojú ìwé kẹtàléláàádọ́fà ni mo ti rí i, nínú lẹ́tà tó kéré bí èèrà: "Ọrẹ tí a ti kéde ṣùgbọ́n tí a kò tíì ra: ogún mílíọ̀nù." Mo wá wo èrè wọn lọ́dún náà. Ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù gẹ́lẹ́. Kí ni àwọn atúpalẹ̀ sọ? Ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù.

Ṣé ó ti yé yín? Tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ àwọn ọmọ yẹn, èrè wọn ò ní pé ohun tí àwọn atúpalẹ̀ sọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ dí ihò, èrè bọ́ sí i. Àwọn tó wà nínú fọ́tò, àyálò ọjọ́ kan ló ní láti jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àsọtẹ́lẹ̀ ò fi yẹ̀! Òótọ́ inú kọ́ rárá. Èémí àwọn ọmọdé ni wọ́n fi ṣe é kó lè pé.

Mo ṣí mọ́kàndínlógójì yòókù. Ohun tí mo lọ wò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìlérí mìíràn tí wọ́n ṣe, ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá nínú wọn ló ní irú ìlà kékeré yẹn lẹ́yìn ìwé. Mo kó gbogbo rẹ̀ lé Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí tábìlì.

"Ẹ ò rí i, sà? Ìwádìí yín dorí kodò. Ẹ yọ ilé-iṣẹ́ ọ̀dà, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

"Tí mo bá yọ ọ́, kò pé ogójì mọ́."

"Kó má pé!"

"Ìyá Máàkì, ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé. Ẹ̀yin ò kàwé débi tí ẹ ó fi túmọ̀ ìlà kan lójú ìwé kẹtàléláàádọ́fà." Ó gbé bírò rẹ̀. "Ṣé orúkọ yín lẹ fẹ́ kí n yọ? Ìyẹn rọrùn."

Ó yọ ọ́. Mo fi tábìlì wọn sílẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà. Ìwé náà ti jáde báyìí, mo ti kà á. Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà wà nínú àtẹ kẹta, mẹ́ta ni máàkì rẹ̀. Ojú mi ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ mi nìkan ni kò sí. Mo ti kọ lẹ́tà márùn-ún sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n dá ẹyọ kan lóhùn pé kí n sọ ipò tí mo dì mú ní yunifásítì. Mo kọ ọ́ padà pé: ìgbálẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ọ̀dà gbé ẹ̀rọ méjì lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ta sí ìta. Wọ́n gbé ayàwòrán dání. Àbúrò mi, mo gbọ́, kọ̀ láti dúró fún fọ́tò. Ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ ná.

Oṣù méje rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mo ti bẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun ò bínú mọ́, pé kò kàn sí ohun tí òun fẹ́ sọ ni. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí nínú àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rá kan wá fún mi. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Mo tú u, kọ́tìnì náà ló wà níbẹ̀. Àlàyé tí mo ṣe lórí fọ́ọ̀mù ò tọ̀nà: ẹja náà ò kéré. Wọ́n tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi òwú funfun rán ojú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo gbé e kọ́ sí fèrèsé mi. Gbogbo wọn ń wò mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.